Ẹ̀jẹ̀ Mi Tó Wà Nínú Fìríìsà

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ̀dọ̀ yín ń ṣàìsàn, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí n bá yín sọ̀rọ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mi ò ní fi èdè dókítà da yín láàmú. Ìyá Ṣadé ni wọ́n ń pè mí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, obì gbànja ni mo sì ń tà láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Bàbá Ṣadé ti sùn nínú Olúwa, àwọn ọmọ ti fọ́n ká síbi iṣẹ́ wọn, èmi àti àwọn agbọ̀n obì mi la jọ ń gbélé. Ohun tí ojú mi rí kò tíì kúrò lára mi. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àyà mi ṣì ń já.

Bí àárẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀, ní ìgbà òjò, nígbà tí obì kò tíì pọ̀ lójà. Mo lè sùn láti alẹ́ dàárọ̀ kí n sì jí bí ẹni tó ru igi. Òórùn àkàrà tí aládùúgbò mi ń dín, tí mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ tẹ́lẹ̀, wá di ohun tó ń mú èébì gbé mi. Ara ń yún mi, kò sí ẹ̀fọn, kò sí kúrùnà. Lọ́jọ́ kan mo tọ̀, mo wo ilẹ̀, mo ké. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, torí ìtọ̀ mi pọ́n bí omi sóbò. Mo sáré gbé jígí, ẹyinjú mi ti pọ́n rúsúrúsú.

"Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni!" Bí gbogbo àdúgbò ṣe di oníṣègùn nìyẹn. Ẹnìkan ní kí n mu omi ògì kíkan, ẹlòmíràn ní kí n se èèpo ọ̀pẹ òyìnbó, ẹnìkan tilẹ̀ ní kí n máa kán ọsàn wẹ́wẹ́ sójú. Mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n fọ́jú kún un. Àwọn ìyá ìjọ wá gbàdúrà, wọ́n da òróró sí mi lórí títí ó fi ń kán sínú ẹyinjú tó ń ṣàìsàn náà. Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Bọ́sẹ̀, tó ń ṣe oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ ní Ọ̀rà, gun ọ̀kadà wá pẹ̀lú ìkòkò àgbo lórí itan. Ìyá kan náà ló bí wa, àwọn ni wọ́n sì pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa bá lọ sóko. "Mu ún tán, má ṣẹ́ ẹ kù sídìí ife," ni wọ́n wí. Mo mu ún. Ta ló máa kọ̀ fún ẹni tó pọ̀n ọ́n? Ojú sì túbọ̀ ń pọ́n sí i.

Ṣadé, àkọ́bí mi, tíṣà ni ní Ìgbájọ. Ó wálé lópin ọ̀sẹ̀, ó wo ojú mi, báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Màámi, ọsibítù là ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú."

Ní ọsibítù ìjọba, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ìdí mi fi kú. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ká padà wá. Nígbà tí a padà, dókítà kékeré kan pè mí wọlé. Ó ní àrùn mẹ́dọ̀wú ni, pé kòkòrò àìfojúrí kan ló wọ inú ẹ̀dọ̀ mi, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀.

"Dókítà, mi ò mutí rí láyé mi!"

"Ìyá, kì í ṣe ọtí nìkan. Ẹ lè ti gbé e wáyé láti inú ìyá yín, ó sì lè jẹ́ abẹ tí wọ́n lò fún ẹlòmíràn ni wọ́n fi gé yín lára."

Ó wá ní kí n lọ sí ọsibítù ńlá ti yunifásítì. Mo rò pé ó ń lé mi kí n lọ kú níbòmíràn ni.

A kúrò ní Ìlá ní ìdájí, a pààrọ̀ ọkọ̀ ní Òṣogbo, síbẹ̀ nígbà tí a dé ibẹ̀, ìlà àwọn èèyàn ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ já sí ìta. Àwọn kan tẹ́ ẹní. Bàbá kan tí ikùn rẹ̀ wú bí àgbá jókòó níwájú mi, kò lè fẹ̀yìn ti ògiri, kò lè dùbúlẹ̀. Mo wo ikùn náà, mo wo tèmi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ní kí Ṣadé jẹ́ ká padà sílé.

Àárín èyí ni ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì wá sọ́dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní Fúnmi lorúkọ òun. Ó ní ilé ìwádìí àìsàn kan wà lẹ́yìn ọsibítù náà, wọ́n ń wá àwọn tí àrùn mẹ́dọ̀wú ń ṣe, bí mo bá fẹ́ òun á ṣàlàyé. Mo rò pé gbájúẹ̀ ni. Ṣadé ní ká ṣáà lọ wò ó.

Háà! Ẹ̀yin èèyàn, ẹnu yà mí. Bí ẹni kúrò lọ́jà wọ ilé ọba. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ó tutù, wọ́n gbé omi fún wa kí a tó béèrè. Iná kò ṣẹ́jú, torí oòrùn ni wọ́n fi ń fa iná látorí òrùlé. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé lé ẹ̀gbẹ́ ìhà mi, tó ń ta kìn kìn sí mi lára, wọ́n sì mọ bí ẹ̀dọ̀ mi ṣe le sí láìfi abẹ kàn mí. Mo bi Nọ́ọ̀sì Fúnmi bóyá a ṣì wà ní Nàìjíríà. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó ka ìwé gígùn kan fún mi ní Yorùbá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn ẹ̀dọ̀ yìí á ṣe dáadáa ju ẹni tó dúró. Ọ̀fẹ́ ni oògùn, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò, wọ́n á tún fún mi lówó ọkọ̀. Òfin kan ṣoṣo tó le níbẹ̀ ni pé mi ò gbọdọ̀ mu àgbo tàbí oògùn mìíràn láìsọ fún wọn. Nígbà tó kà á tán, ó ní, "Mà, ẹ wá fi ẹnu yín sọ ohun tí mo kà fún mi."

"Ṣé o rò pé mi ò gbọ́ ni?"

"Rárá o. Bí ẹ bá sọ ọ́ ni màá tó mọ̀ pé èmi mọ̀ ọ́n kà."

Ó ní mo lè kọ̀, mo sì lè fi í sílẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́, kò sẹ́ni tó máa bínú, wọ́n á ṣì máa tọ́jú mi. Ìyàlẹ́nu nìyẹn fún mi. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ta ló tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ mi kó tó ṣe ohun tó fẹ́?

Ọ̀rọ̀ tó wá dẹ́rù bà mí ni pé wọ́n á máa tọ́jú díẹ̀ lára ẹ̀jẹ̀ mi pamọ́. Mo ní kí wọ́n fi ibẹ̀ hàn mí. Wọ́n ṣí fìríìsà ńlá kan díẹ̀, èéfín funfun tú jáde, òtútù gbá mi lójú, mo fò sẹ́yìn. Ilé ẹja tútù ọjà wa, ooru ló ń mú níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eléyìí. Ìgò kéékèèké ló kún inú rẹ̀, nọ́ńbà ló wà lára wọn, kò sí orúkọ. Nọ́ọ̀sì ní bí iná bá fẹ́ lọ, ẹ̀rọ á ké sórí fóònù àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n á sì sáré wá. Mo rò ó títí. Mo buwọ́ lùwé.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe nígbà tí wọ́n gbọ́? Wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n bú sẹ́kún. "Ẹ̀jẹ̀ èèyàn kì í ṣe ẹja! Bí wọ́n bá kó o pamọ́, ta ló mọ ọwọ́ tó máa bọ́ sí lọ́la? Ìwádìí! Eku ni wọ́n fi ń ṣe ìwádìí, kì í ṣe ọmọ bàbá wa!" Gbogbo mọ̀lẹ́bí ló gbè wọ́n lẹ́yìn. Mo ní ẹ̀jẹ̀ tèmi ni, èmi ni mo fún wọn. Ọjọ́ yẹn, wọn ò jẹun lọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó gun ọ̀kadà padà sí Ọ̀rà.

Àárín àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn ni wọ́n fi mí sí. Oògùn náà sì jẹ́. Ojú mi mọ́, oúnjẹ ń dùn lẹ́nu mi. Nígbà tí obì wá dé, mo bọ́ sọ́jà bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ẹni tó bá ń ṣòwò obì mọ̀ pé kòkòrò ni ọ̀tá wa. Láyé àwọn ìyá wa, ewé ni wọ́n ń tẹ́ sínú agbọ̀n, wọ́n á máa tú u wò lóòrèkóòrè, wọ́n á máa ṣa èyí tó bàjẹ́ kúrò. Lóde òní, a ti ní ẹ̀tù tí a ń wọ́n sí i, ó parí, obì á dúró di ìgbà tó bá wọ́n. Ṣùgbọ́n àṣà kan kò tíì yí padà. Kò sí oníbàárà tó máa ra obì lọ́wọ́ rẹ bí ìwọ fúnra rẹ kò bá kọ́kọ́ mú ọ̀kan, kí o nù ún mọ́ ìró, kí o gé e jẹ níwájú rẹ̀, kó fi mọ̀ pé obì rẹ dára. Èmi náà ń tọ́ ti àwọn ará oko wò kí n tó ná an. Nígbà ọjà, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹnu mi kì í dilẹ̀.

Nígbà tí mo lọ fún àyẹ̀wò ní àkókò náà, wọ́n ní ẹ̀dọ̀ mi gbóná díẹ̀, pé bóyá àrùn náà ló ń jà, kò le. Lẹ́yìn Kérésì, ẹ̀gbọ́n mi já wọlé pẹ̀lú ẹrù. Ìbínú ti tán. Wọ́n ní àwọn ò lè máa sùn ní Ọ̀rà kí àbúrò àwọn máa dá ṣàìsàn ní Ìlá. Inú mi dùn. Àwọn ló ń gbálẹ̀, àwọn ló ń po ẹ̀kọ mímu fún mi láràárọ̀, pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ ẹ láti kékeré.

Àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e ló tú gbogbo rẹ̀ ká. Dókítà àgbà fúnra rẹ̀ pè mí jókòó. "Ìyá, ẹ̀dọ̀ yín ń bàjẹ́ ju bí àrùn yìí ṣe lè bà á jẹ́ lọ. Nǹkan kan ń wọ inú yín tí a ò fún yín. Ṣé àgbo ni?" Mo fi Bíbélì búra. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò lè purọ́. Bí ó bá tún rí báyìí nígbà tí mo bá padà wá, wọ́n á dá oògùn náà dúró, wọ́n á sì yọ mí kúrò nínú ìwádìí, torí wọn ò ní mọ èyí tó ń pa mí lára. Mo rántí bàbá oníkùn wíwú ọjọ́ yẹn. Ṣadé ló dì mí mú jáde.

Nínú ọkọ̀ ni Ṣadé ti là á mọ́lẹ̀. "Màámi, ta ló ń po ẹ̀kọ tí ẹ ń mu? Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé."

Mo dé ilé, mi ò tíì tú gèlè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, kí lẹ ń pò mọ́ ẹ̀kọ mi?"

Wọ́n wò mí. "Èmi?"

"Àgbo ni àbí kí ni? Ẹ sọ fún mi, mi ò ní bínú. Wọ́n fẹ́ gba oògùn lọ́wọ́ mi, ẹ̀dọ̀ mi ń kú lọ!"

"Mo fẹ́ràn àgbo, mi ò bò ó. Ṣùgbọ́n o ní wọ́n ní kí o má mu ún. Mi ò fi nǹkan kan sí i." Wọ́n fọwọ́ lu àyà. "Èmi tí mo pọ̀n ọ́."

Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Mo sì sọ ọ́ sí wọn lójú pé mi ò gbà wọ́n gbọ́.

Mo rò pé wọ́n máa palẹ̀ ẹrù mọ́ ni. Rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ẹ̀kọ wá, wọ́n mú ṣíbí, wọ́n bù ú, wọ́n mu ún, wọ́n gbé e mì. Wọ́n la ẹnu sílẹ̀ kí n wo inú rẹ̀, bí ọmọdé tí wọ́n fún lóògùn. Wọ́n sì ti ife náà sí mi láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà! Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láràárọ̀, èmi náà ń wò wọ́n. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Ìfura tèmi ti fẹ́ di àìsàn kejì.

Ọjọ́ tí mo padà lọ, wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ mi, ó tún burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìgbàgbọ́ mi ni pé wọ́n ti fẹ́ lé mi. Mo ti mú obì dání láti fi bẹ̀ wọ́n, gbànja funfun àti pupa tí mo fọwọ́ ara mi ṣà láti inú agbọ̀n tó dára jù. Mo tú u síwájú Nọ́ọ̀sì Fúnmi.

"Ẹ ṣeun, mà. Wọn ò gbà wá láyè láti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ aláìsàn."

Ó dùn mí. "Àbí o rò pé mo fi nǹkan sí i ni?" Kó tó fèsì, mo ti mú ọ̀kan, mo nù ún mọ́ ìró, mo gé e, mo ń jẹ ẹ́ lójú rẹ̀.

Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi. "Mà, kí ló funfun lọ́wọ́ yín yẹn?"

"Ẹ̀tù obì ni."

"Ẹ̀tù kí ni?"

"Èyí tó ń pa kòkòrò, kí obì má bàa bàjẹ́."

"Ẹ sì ń jẹ ẹ́?"

"Ta ló ń jẹ ẹ́? Obì ni mò ń jẹ."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, èmi náà gbọ́ ohun tí mo sọ. Ẹnu mi dúró. Nọ́ọ̀sì ti dìde, ó ní kí n tu ú, ó bu omi fún mi pé kí n yọ ẹnu, ó sáré pe dókítà. Láti ìgbà wo ni mo ti ń nù ún mọ́ ìró? Ìró yẹn náà ni mo ń so mọ́dìí láti àárọ̀.

Wọ́n gba obì náà fún àyẹ̀wò. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan ẹ̀tù yẹn mọ́, kí n máa bá oògùn mi lọ, kí n máa wá lóòrèkóòrè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ohun tí mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ṣe. Wọ́n kó àwọn ẹ̀jẹ̀ mi àtijọ́ jáde nínú fìríìsà, wọ́n fi ránṣẹ́ síbi tí ẹ̀rọ kan wà tó ń wá májèlé kiri nínú ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí èsì dé, èmi àti Ṣadé la jọ jókòó. Dókítà ní oògùn kòkòrò ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ mi, oògùn oko tí kò yẹ kó dé ẹnu èèyàn. Èyí tí wọ́n fà nígbà òjò, kó tó di pé obì dé, ìba díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fà nígbà tí obì dé, ó ti pọ̀ níbẹ̀.

"Ẹ dúró ná," mo ní. "Èyí tí ẹ fà ṣáájú Kérésì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì dé ilé mi ṣáájú Kérésì. Ọ̀rà ni wọ́n wà, wọ́n ń wa ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ń bínú sí mi nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an. Mo wo Ṣadé, Ṣadé wolẹ̀. Mo ké yèé, mo dì mọ́ tábìlì dókítà. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kí n má fi sílẹ̀, òun ló gba ẹjọ́ wọn rò.

Ìpayà kejì bá mi nígbà tí mo délé, tí mo wo àwọn agbọ̀n tó kù. Èmi ń jẹ tèmi, àwọn tí mo tà fún ńkọ́? Àwọn tó ń fi í ṣe ìkómọ, tó ń pín in fún àgbàlagbà? Mo gbẹ́ kòtò ńlá lẹ́yìn ilé, níbi tó jìnnà sí kànga, mo bo gbogbo obì náà mọ́lẹ̀. Mo lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi lọ́jà, mo sọ fún wọn. Àwọn kan gbọ́. Ẹnìkan pòṣé, ó ní àìsàn ti yí mi lórí. Ewé ni mo ti padà sí báyìí, mò ń tú agbọ̀n wò, mò ń ṣa obì bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣà á. Èrè rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀.

Dókítà kò sọ pé ẹ̀tù ló mú àrùn mẹ́dọ̀wú wá. Àrùn náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì ń da májèlé lé e lórí. Ẹ̀dọ̀ mi ti rọlẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ tó ń ta kìn kìn náà sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì yọ mí kúrò nínú ìwádìí. Àrùn náà kò tíì tán nínú mi, mi ò ní tàn yín, ojoojúmọ́ ni mò ń lo oògùn. Ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín. Ṣadé ti ṣe tirẹ̀, kò ní in, wọ́n sì ti gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí wọ́n bá bi yín ní ohun tó ń wọ ẹnu yín, ẹ má mẹ́nu ba oúnjẹ àti oògùn nìkan. Ẹ sọ iṣẹ́ ọwọ́ yín fún wọn pẹ̀lú.

Ọjọ́ tí a gba èsì, mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ṣadé dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin. A sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ó ti tán, dìde, ilẹ̀ tutù." Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ẹ̀kọ wá. Wọ́n mú ṣíbí, wọ́n bù ú, wọ́n gbé e sẹ́nu. Mo di ọwọ́ wọn mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin."

"Mo mọ̀ pé o ti mọ̀," ni wọ́n wí. "Ó ti mọ́ mi lára ni."

Wọ́n gbé e mì, wọ́n la ẹnu, wọ́n sì ti ife náà sí mi. Títí di òní, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn.